Súẹ́tà Tó Wà Lọ́rùn Màmá Christianah

Ojú wa ṣe mẹ́rin láàárín èrò tó ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1982. Ọkọ̀ ojú irin tó gba Kafanchan wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ní Jọ́ọ̀sì ni. Àwọn alárù ń ké "Hanya! Hanya!" kí a yà fún wọn lọ́nà, àwọn obìnrin ń gba ojú fèrèsé na apẹ̀rẹ̀ síra wọn, ọyẹ́ sì ti fi eruku kun gbogbo wa lójú bí ẹni pé ilé ìlọta la ti ń bọ̀. Mo jókòó gbagidi lórí páálí òwú mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹrù, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ìwé lọ́wọ́. Èmi ló ń wò.

N kò mọ̀ ọ́n rí. Òun náà kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ojú yẹn dúró lára mi bí ojú ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, èmi náà sì gbàgbé pé òtútù ń mú mi. Ìgbà tí alárù kan fi àpò ọ̀dùnkún gbá mi léjìká ni mo tó rántí ohun tó gbé mi wá.

"Sísì, ẹ dìde lórí ẹrù rélùwéè," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹrù mi ni."

"Tí ẹ ò bá tíì buwọ́ lùwé, ẹrù rélùwéè ni. Tí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, mo lè bá yín gbé e."

Mo buwọ́ lù ú. Ó ka orúkọ mi síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ oyin lá. "Kíkẹ́lọmọ. Ilé ìhunṣọ, Nasarawa Gwong. Èmi ni Adégbénró. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí tí wọ́n gbé mi wá láti Kàdúná."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fún un lésì tó dùn. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ti wà nínú páálí. Mo fa òwú kan yọ, mo mú apá súẹ́tà kan tó wà nínú báàgì mi jáde, mo gbé àwọn méjèèjì sínú oòrùn.

Wọn kò jọra.

Apá súẹ́tà pọ́n, ó sì ṣókùnkùn bí omi sóbò. Òwú tuntun yìí pọ́n bí ata tí oòrùn ti pa pẹ́. Ẹni tí kò bá gbé wọn síra wọn lè máà mọ̀. Ẹni tó bá gbé wọn síra wọn, kò tún ní rí nǹkan mìíràn mọ́.

"Kí ló dé?" ni Adégbénró béèrè. "Sísì, ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ọyẹ́ ni," ni mo dá a lóhùn. Mo gbé páálí mi ka orí, mo sì sá wọ àárín èrò lọ kí ó má baà rí omi ojú mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá mi, akọ̀wé nílé-iṣẹ́ kùsà, kú nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá. Mo kọ́ṣẹ́ ìhunṣọ, mo gba òmìnira, mo sì mọ̀ pé kò sí ìlú tí súẹ́tà ti lè tà bíi Jọ́ọ̀sì tí òtútù ń mú lóṣù méjìlá. Ohun tí n kò ní ni owó. Mo bá lọ sí Dilimi lọ bá Àlàájì Sàláúdéènì, ọmọ Ìlọrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, pé kí ó yá mi lówó, n ó san án pẹ̀lú èlé.

Díẹ̀ ló kù kí ó lé mi jáde. "Èlé? Haba! Kíkẹ́, ṣé iná lo fẹ́ kí n wọ̀ ni? Èmi kì í jẹ èlé. Jókòó, kí n kọ́ ọ lówò."

Mo jókòó.

"Èmi á mú owó wá, ìwọ á mú ọwọ́ wá. Èrè tí Ọlọ́run bá ṣe, a ó pín in sí méjì ọgbọọgba. Bí ọjà bá kú fúnra rẹ̀, tí iná jó o, owó tèmi ló ṣègbé, làálàá tìẹ ló ṣègbé, mi ò ní bi ọ́ ní kọ́bọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ba ohun àjọṣe wa jẹ́, mo kó maṣíìnì mi padà sí Dilimi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àlàájì."

Mo rò pé mo gbọ́ ni.

Ó ra maṣíìnì ìhunṣọ méjì. Mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Nasarawa Gwong, mo sì gba ọmọbìnrin kan ṣe ọmọ iṣẹ́, Hàúwà. Ọmọ Ìlọrin lòun náà, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Hausa sì máa ń ṣáájú Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀. Lóṣù kejì, iléèwé girama àwọn obìnrin kan lọ́nà Rantya gbé iṣẹ́ fún wa: súẹ́tà ọgọ́fà. Ọ̀gá iléèwé náà, ìyá kan láti Abẹ́òkúta, wò mí látòkè awò ojú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wò wá. Ìlà kan, àwọ̀ kan ni mo fẹ́. Tí mo bá rí ọmọ kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ ó kó padà, lọ́gọ́fà."

Àlàájì ra òwú tó máa tó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Aró ọ̀la kì í jọ aró òní," ló sọ. "Ohun tí wọ́n bá rẹ pọ̀ lọ́jọ́ kan, rà á tán lọ́jọ́ kan. Ọjà òkèèrè ti ń wọ́n, tí èyí bá tán, ó tán nìyẹn."

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Àwọn ìyá ìjọ sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ló kọ́kọ́ wá. "Kíkẹ́ ọmọ mi, òtútù yìí ti dé mi léegun o." Mo hun tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni kejì dé, ẹni kẹta dé. Kò sẹ́ni tó béèrè iye. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ pé kí ó dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ iléèwé? Ẹnu mi kò gbà á. Hàúwà ń pariwo: "Àǹtí, ti school ni wannan fa! Ti school ni òwú yìí!" Mo ní kó dákẹ́, mo máa ra díẹ̀ sí i tó bá yá.

Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà á. Ẹnì kẹsàn-án ni Màmá Christianah, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Tirẹ̀ gùn dé orúnkún, ó ní àpò ńlá méjì, ọrùn rẹ̀ ká po. Òwú tó wọ inú rẹ̀ tó ti ọmọ iléèwé méjì. Ní báyìí, súẹ́tà mẹ́wàá kù ká pé ọgọ́fà, òwú tí mo sì fi gbogbo owó ọwọ́ mi rà láti fi dí i, òun ló wà nínú páálí yẹn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Àlàájì ti wà níbẹ̀. Ó ti wo orí pẹpẹ. Ó gba òwú tuntun lọ́wọ́ mi, ó gbé e ti súẹ́tà kan lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó tún un wò.

"Òwú súẹ́tà mẹ́wàá yòókù dà?"

"Ó wà lọ́rùn àwọn ìyá ìjọ, Àlàájì."

"Wọ́n rà á?"

"Wọ́n… wọ́n ṣàdúrà fún mi."

Hàúwà yára fọwọ́ bo ẹnu. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín.

"Àdúrà dára. Àmín. Ṣé àdúrà làwọn ọmọ á wọ̀ tò lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, àgbà ni wọ́n. Mo ti fún wọn. Èèyàn kì í bọ́ nǹkan padà lọ́rùn àgbà."

"Ohun tìẹ lo fún wọn?"

Mo gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sínú páálí.

"Mo ní, ṣé ohun tìẹ ni? Látọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́ iléèwé, òwú yẹn ti di ti iléèwé. Ìwọ lo dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀, mi ò bá ọ jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe àpò búbá rẹ. Tí o bá fẹ́ ṣoore, dúró ká pín èrè, kí o fi ìpín tìẹ ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ní máa bá ọ wí?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Súẹ́tà ṣeé tú. Lọ gbà wọ́n, tú wọn, tún wọn hun. Láago mẹ́wàá àárọ̀ Jímọ̀, mo máa gbé ọkọ̀ wá síbí. Yálà ọkọ̀ yẹn gbé súẹ́tà ọgọ́fà lọ sí Rantya, tàbí kó gbé maṣíìnì méjì lọ sí Dilimi. Kò ní lọ lófìfo."

Ó jáde. Kò ki ẹnì kankan pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kó ìtìjú mi jáde. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ọ̀rẹ́ ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bọ́ súẹ́tà lọ́rùn, ó jù ú lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ó ga o! Ẹ̀bùn tó mọ̀nà ilé olówó ẹ̀!"

"Ẹ má bínú, mà. Lẹ́yìn ọdún tuntun, n ó hun òmíràn fún yín látinú ìpín tèmi."

"Ìpín kẹ̀? Gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí àwọn oníbáńkì."

Ìyá Táyọ̀ fi tirẹ̀ pọn ọmọ. Ó ní kí n dúró kí ọmọ jí. Mo dúró fún wákàtí kan àbọ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà bóyá á mì. Ẹlòmíràn ní òun ti sọ fún ọkọ òun pé òun rà á, kí n gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ẹlòmíràn kàn rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ó ní, "Gbà, ọmọ mi, ó ti ń yún mi lọ́rùn tẹ́lẹ̀." Ìyẹn nìkan ló dà bí àdúrà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, mẹ́jọ ti wọlé.

Bí a bá tú òwú, kì í nà. Ńṣe ló máa ń ká kókó bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. A dáná, a na òwú náà sókè ìkòkò kí ooru omi lè mú un rọ̀, a so òkúta mọ́ ọn nídìí. Ilé kún fún èéfín àti òórùn òwú tútù.

"Mẹ́jọ," ni Hàúwà wí. "Àǹtí, ó ku na Màmá Christianah, tirẹ̀ nìkan."

"Mo mọ̀."

"Tí kò bá gbé e sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ọgọ́fà ó dín méjì ni ká kó fún wọn?" Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó so òkúta mìíràn mọ́ òwú.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, mo kan ilẹ̀kùn Màmá Christianah. Ọkùnrin ló ṣí i. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn etí.

Àwa méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ère. "Sísì Kíkẹ́lọmọ," ló wí, ẹ̀rín sì tàn lójú rẹ̀. "Ta ló júwe ilé wa fún yín?"

"Ìyá yín ni mo wá rí," ni mo wí. Ohun tí mo rí nígbà náà ni pé n ó kúnlẹ̀ gba aṣọ lọ́rùn ìyá ọkùnrin yìí, lójú rẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu.

Màmá Christianah jókòó sórí àga ńlá, súẹ́tà pupa náà bò ó dé orúnkún. Àwọn obìnrin ìjọ méjì tó wá kí i jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo rọra ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀ kí àwọn àlejò má baà gbọ́ dáadáa.

"Súẹ́tà wo?" ni Màmá Christianah béèrè, ó pariwo rẹ̀. "Èyí? Èyí tí ọmọ mi rà ránṣẹ́ sí mi láti Kàdúná?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà mi orí. "Ọmọ tó mọ ìyá. Ẹ ti sọ fún wa nípàdé, mà."

Mo wo Adégbénró. Ó ń wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà, bí ìgbà tí èèyàn ka lẹ́tà òkú.

Kí ni mo lè sọ? Pé àgbà purọ́? Mo wo apá súẹ́tà náà, mo rí ibi tí mo ti so kókó kékeré kan nígbà tí òwú já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dìde. "Ẹ má bínú, mà. Mo ṣìnà ni."

Adégbénró lé mi bá lẹ́nu géètì. "Ìwọ lo hun ún."

Mo di irin géètì mú.

"Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Kàdúná, Kíkẹ́lọmọ. Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i. Káàdì lásán, mi ò fi ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń fi irọ́ bo ìtìjú mi mọ́lẹ̀ níwájú ẹgbẹ́."

"Mi ò bá yín jà, Bọ̀dá. Àmọ́ láago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á kó maṣíìnì mi lọ."

Ó bojú wẹ̀yìn. "Bí Màmi bá lọ sọ́jà lọ́sàn-án, ó máa ń fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo lè mú un wá bá ọ."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró tì mí débi pé mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ṣe nǹkan kan fún mi.

"Rárá," ni mo wí. "Mo ti fi ohun tí kì í ṣe tèmi tọrẹ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní fi olè jíjà tún un ṣe."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń ṣe é: kálukú hun súẹ́tà tirẹ̀ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn, ọ̀gá ní í ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira kì í fọwọ́ kan ọrùn. Nítorí náà, bí Hàúwà bá hun tirẹ̀ dé èjìká, á jókòó máa wo ẹnu mi, maṣíìnì rẹ̀ á dákẹ́, títí n ó fi ráyè. Lọ́jọ́rú yẹn ni mo tó rí àsìkò tí a ti dà nù láti oṣù méjì.

"Hàúwà, máa hun àyà àti ẹ̀yìn. Èmi á máa hun apá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣíwọ́ ni kó rán ọrùn."

Ó lanu. "Èmi? Ọrùn?"

"Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"Kai! Àǹtí, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n! Ẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀!"

Maṣíìnì méjèèjì kò sinmi mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọgọ́fà ó dín méjì ti wà lórí pẹpẹ, òwú sì tán pátápátá. Hàúwà gbá ilẹ̀, ó sì to òkúta jọ. Kò sí nǹkan mìíràn tí ọwọ́ lè ṣe.

Mo wẹ ojú mi, mo tún gba ilé Màmá Christianah lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni mo bá. Súẹ́tà wà lọ́rùn rẹ̀. N kò tíì kúnlẹ̀ tán tó fi ní, "O tún padà wá."

"Mo padà wá, mà. Mi ò wá tọrọ nǹkan. Ọjà ni mo wá bá yín sọ. Mo máa hun òmíràn tó gùn báyìí, tó nípọn ju báyìí lọ. Ẹnu mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ò lójú ni? Wọn ò ní rí i pé àwọ̀ ti yàtọ̀?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "O mọ ohun tí wọ́n ń pè mí kí n tó wọ èyí? Ìyá akọ̀wé tí kò rí búlánkẹ́ẹ̀tì bora."

Adégbénró dìde lórí àga, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmi, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ fún mi láyè kí n sọ irọ́ yẹn dòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n rà á fún yín, lójú yín, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n hun. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé èkejì lọmọ yín rà. Èyí tó kọ́kọ́ rà, ó ti kéré jù."

Màmá Christianah wò ó pẹ́. Aago ara ògiri ń ró kẹ́kẹ́kẹ́. Mo ń kà á lọ́kàn, mo sì ń ro iye wákàtí tí òwú fi ń gbẹ.

"Owó oṣù rẹ gbé e?"

"Ó gbé e, Màmi."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pé ọmọ mi béèrè fún un, ó sì san án. Kí ọmọ yìí má tún fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, tí á wá máa kúnlẹ̀ kiri bí onígbèsè." Ó na ọwọ́ sókè. "Ó yá, fà á lọ́rùn mi. Rọra o! Ìwọ lo hun ún, o mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ há."

Ó gbóná nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti já òwú ọrùn rẹ̀. Adégbénró na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo sì ń ká òwú náà mọ́ ọn bí mo ṣe ń tú u, yípo, yípo, òwú pupa láàárín wa. Bí mo bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ni mo ń bá pàdé. N kò gbójú sókè púpọ̀. Iṣẹ́ ń bẹ.

Nígbà tí a parí, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa ìwé yọ, ó kọ, ó dúró, ó tún kọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Súẹ́tà kan ṣoṣo lò ń kọ bí ẹni ń kọ ìwé ìtàn?" Ó ká a, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́.

Ó mi orí, ó fi í sápò àyà. "Ẹ ò tíì parí ti iléèwé. Tí mo bá fún yín báyìí, èmi náà á di ẹni kẹwàá tó gba iwájú àwọn ọmọ."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣe mọ́, èmi àti Hàúwà ti wà nídìí maṣíìnì. Òwú kò gbẹ tán, ó ń fà, lẹ́ẹ̀mejì ló já. Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, ọrùn kan ló kù. Mo gbọ́ ọkọ̀ Àlàájì tó dúró níta. Ó wọlé pẹ̀lú alárù méjì, ó dúró sẹ́yìn Hàúwà tó ń rán ọrùn náà. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó mú un. Ó so ó. Ó já a.

"Ọgọ́fà," ni Hàúwà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Àlàájì kọjú sí àwọn alárù. "Súẹ́tà ni. Ẹ kó o."

Ní Rantya, ọ̀gá iléèwé kò kí wa púpọ̀. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì níta, nínú oòrùn. Ó mú ọ̀kan látòkè, ó mú ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí tó mú nísàlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀: òwú ọrùn Màmá Christianah ni. Ó gbé wọn síra wọn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà, ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Èyí rọ̀ ju èkejì lọ," ló wí.

Àlàájì wò mí.

"Àmọ́ àwọ̀ wọn kan náà ni." Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó sì pe àwọn ọmọ jáde. "Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó fẹ́ igba."

Ọkọ̀ gbé wa padà sí Nasarawa Gwong. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Àlàájì ní, "Súẹ́tà mẹ́jọ tí o ṣèlérí fún àwọn ìyá yẹn, inú ìpín tìẹ o."

"Inú ìpín tèmi ni, Àlàájì."

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní bi ọ́ léèrè, mo máa kó o ni."

"Kò ní tún ṣẹlẹ̀."

"To, madalla. Ó dára bẹ́ẹ̀." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, eyín rẹ̀ hàn. "Tọ́jú ọmọ tó rán ọrùn yẹn. Òun ni èrè rẹ."

Adégbénró dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ rélùwéè rẹ̀ ti kún fún eruku, ó ti fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ rìn wá. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo.

"Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á. Gbogbo rẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó mú àpòòwé náà jáde. Hàúwà na ọrùn wò ó látinú ṣọ́ọ̀bù.

"Kai! Àǹtí, súẹ́tà ẹyọ kan ló nípọn tó báyìí?"

"Padà sídìí maṣíìnì rẹ," ni mo wí, ṣùgbọ́n n kò lè mú ojú mi kúrò lára rẹ̀.

"Ti Màmi wà lójú ewé àkọ́kọ́," ni Adégbénró wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Èyí tó kù, tìrẹ ni. Má ka ìyẹn títí ìwọ náà á fi ráyè."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí mi. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, mo sì gbà á.